0.02 M kì í ṣe 0.02 N: ibi tí ìdajì èsì yín gbà lọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ilé iṣẹ́ píọ́ wọ́tà kan ní Kubwa, Abuja, ni mo ti ń ṣe àyẹ̀wò omi. Ìwé ìlànà wa ní kí a fi sulphuric acid 0.02 N wọn alkalinity omi bóhóòlù wa, ìyẹn iye ásíìdì tí omi náà lè pa. Èmi po 0.02 M, mo rò pé M àti N ò yàtọ̀ síra. Nínú 100 mL omi, 6.2 mL ásíìdì ló lọ, ìṣirò mi sì jẹ́ 62 mg/L. A gbé omi kan náà lọ sí lábù mìíràn, wọ́n ní 121 ni. Ọ̀gá mi ní kí n kàn máa sọ gbogbo èsì di ìlọ́po méjì. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Kí ni normality gan-an, báwo ni mo sì ṣe lè po ásíìdì yìí kó péye? Ẹ ṣeun.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá yín sún mọ́ òótọ́, kò kàn tíì dé ibẹ̀ ni. Ẹ tún nọ́ńbà yín wò: 62 lọ́nà méjì, 124 ni yóò jẹ́, kì í ṣe 121. Àṣìṣe méjì ló wọ inú ara wọn. Èyí tó tóbi ti ọ̀dọ̀ M àti N wá. Èyí tó kéré, nǹkan bíi 2.5%, ó jọ pé inú pípo ásíìdì náà ló ti wá. Tí ẹ bá kàn sọ èsì di ìlọ́po méjì, ẹ ó tún ńlá ṣe, kékeré á sì máa bá yín gbé nínú ìwé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èyí tó tóbi.

Ẹ ti rí mẹ́rúwà tó gbé igi lé èjìká, tí agolo omi kan rọ̀ níwájú, tí òmíràn rọ̀ lẹ́yìn. Tí mẹ́rúwà mẹ́wàá bá wọ àdúgbò, ẹni tó ń ka ènìyàn á kọ mẹ́wàá sílẹ̀. Ẹni tó ń ka omi á kọ agolo ogún. Kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn. Mólì, tí a fi ń ka ẹyọ ohun kan bí a ṣe ń fi dọ́sìnì ka ẹyin, ni ẹni tó ń ka ènìyàn, equivalent ni ẹni tó ń ka agolo. H₂SO₄ kọ̀ọ̀kan ní hydrogen méjì tó lè gbé fún bésì (ohun tó ń pa agbára ásíìdì), agolo méjì ló rù nìyẹn. HCl ru ẹyọ kan péré. NaOH náà, ẹyọ kan ló lè gbà.

Molarity, tí a ń fi M kọ, ni iye mólì tó wà nínú lítà kan. Normality, tí a ń fi N kọ, ni iye equivalent tó wà nínú lítà kan. Ẹ jẹ́ ká pe iye agolo tí ẹyọ kan rù ní n. Nígbà náà, N = M × n. Ìwọ̀n equivalent kan, ní gíráàmù, sì ni ìwọ̀n mólì kan tí a pín sí ọ̀nà n. Mólì H₂SO₄ kan wọn 98.08 g, ẹ pín in sí méjì, 49.04 g ni equivalent rẹ̀ kan. HCl jẹ́ 36.46 g, NaOH jẹ́ 40.00 g, a kì í pín àwọn yẹn rárá torí n wọn jẹ́ 1. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé HCl 0.02 M àti HCl 0.02 N jẹ́ ọ̀kan náà, ìdí náà sì nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rò pé gbogbo ásíìdì rí bẹ́ẹ̀. Ká ní HCl lẹ lò ni, ẹ ò bá má mọ̀ pé ìyàtọ̀ wà.

H₂SO₄ 0.02 M tí ẹ pò, 0.04 N ni. Ásíìdì tó lágbára ní ìlọ́po méjì á fi ìdajì iye mL parí iṣẹ́. Omi yín ì bá gba 12.1 mL, 6.2 ló gbà.

Ìṣirò alkalinity nìyí: iye mL ásíìdì × N × 50,000, kí ẹ wá fi iye mL omi tí ẹ wọ̀n pín in. Ó dára kéèyàn mọ ibi tí 50,000 ti wá, kó má baà dà bí ọfọ̀ lásán. A máa ń kọ alkalinity bí ẹni pé calcium carbonate ni gbogbo rẹ̀. Mólì calcium carbonate kan jẹ́ 100.09 g, ó sì ń gba hydrogen méjì, nítorí náà equivalent rẹ̀ kan jẹ́ 50.04 g. Ẹ sọ gíráàmù di mílígíráàmù, ó di nǹkan bí 50,000. Àwọn tó kọ ìlànà yìí mọ̀ọ́mọ̀ yan 0.02 N, torí pé 1 mL rẹ̀ bá 1 mg calcium carbonate dọ́gba gẹ́lẹ́. Tí omi tí ẹ wọ̀n bá jẹ́ 100 mL, mL kọ̀ọ̀kan tó bá ti inú búrẹ́ẹ̀tì (ọ̀pá gíláàsì onílà tí a fi ń kán ásíìdì) jáde jẹ́ 10 mg/L. Ẹ lè ka èsì lójú búrẹ́ẹ̀tì láì mú kálíkúlétọ̀.

Àǹfààní kejì tún wà nínú 0.02 N yìí. Tí ojú bá ṣì búrẹ́ẹ̀tì kà ní 0.05 mL, tó jẹ́ ẹ̀kán kan péré, lórí 6.2 mL ó ti jẹ́ 0.8%, lórí 12.1 mL, 0.4% ni. Ásíìdì tó bá le jù máa ń sọ àṣìṣe ojú di ńlá.

Ó ku èyí tó kéré. Tí a bá gbà pé 121 ti lábù kejì péye, ẹ fi 6.2 mL yín ṣírò padà: N ásíìdì yín jẹ́ 0.0390, kì í ṣe 0.0400. Níbo ni ìyókù wà? Ibi mẹ́ta ni kí ẹ wò. Àkọ́kọ́, ìgò ásíìdì tí a ń rà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kọ 95–98% sí lára, kì í ṣe 98 gédégédé. Tí ẹ bá ṣírò pẹ̀lú 98 nígbà tó jẹ́ 95 ló wà nínú ìgò, ẹ ti pàdánù 3% kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìkejì, tí ó bá jẹ́ pé tààrà láti inú ìgò lẹ ti po lítà kan 0.02 M, nǹkan bíi 1.09 mL péré lẹ ní láti fà. Ásíìdì yìí ki, ó ń rìn bí oyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ́, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ara pìpẹ́ẹ̀tì nínú. 0.05 mL tó bá ṣẹ́ kù síbẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5%. Ìkẹta, omi tí ẹ fi là á. Mà á padà sórí ìyẹn.

Bí ẹ ó ṣe pò ó nìyí. Ẹ má ṣe lọ tààrà sí 0.02 N. Ẹ kọ́kọ́ po 0.1 N, kí ẹ wá là á.

Ìgò tó jẹ́ 98%, tí mL rẹ̀ kan wọn 1.84 g: lítà kan ásíìdì yìí wọn 1,840 g, 98% rẹ̀ jẹ́ 1,803 g, ẹ fi 49.04 pín in, 36.8 N ni. Láti rí lítà kan 0.1 N, ìṣirò ní 2.72 mL. Ẹ fa 2.8 mL, torí ó sàn kó lé díẹ̀ ju kó dín lọ: ásíìdì tó le díẹ̀ ṣeé là, èyí tó ti là jù ń fẹ́ kí ẹ tún padà sídìí ìgò.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ wọ awò ojú. Ẹ da bíi 500 mL omi distilled sínú bíkà ńlá ná, kí ẹ tó máa da ásíìdì sínú omi díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa rò ó. Ẹ má ṣe da omi sórí ásíìdì láéláé. Omi fúyẹ́ ju ásíìdì lọ, orí rẹ̀ ni yóò jókòó sí, ooru á gbá jọ síbi kan ṣoṣo, omi á hó lójijì, á sì ta ásíìdì sí yín lójú. Tí ẹ bá dà á tán, ẹ fọwọ́ kan ara bíkà: ó gbóná. Ẹ dúró kó tutù pátápátá kí ẹ tó dà á sínú fìláásìkì lítà kan ọlọ́rùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tó bá kún un dé ìlà nígbà tó ṣì wà ní nǹkan bíi 60 °C, nígbà tó bá tutù, á sọ̀ kalẹ̀ kúrò lójú ìlà, ásíìdì náà á sì le ju bó ṣe yẹ lọ ní bíi 1.4%. Ẹ fi omi ṣan bíkà lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ da gbogbo omi ìṣàn náà sínú fìláásìkì. Ẹ kún un títí ìsàlẹ̀ kòtò ojú omi á fi jókòó sórí ìlà, kí ojú yín wà ní ọ̀gbọọgba pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ dé e, kí ẹ dojú rẹ̀ kọlẹ̀ kí ẹ sì dá a padà, ó kéré tán ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mímì lásán kì í po ọrùn àti ìsàlẹ̀ pọ̀.

Ní báyìí, ohun tó wà lọ́wọ́ yín ni ásíìdì tó súnmọ́ 0.1 N. Ẹ ò tíì mọ iye tó jẹ́. Ìṣirò kò lè sọ ọ́ fún yín. Ohun tó lè sọ ọ́ ni sodium carbonate mímọ́, Na₂CO₃, èyí tí a ṣe fún ìdíwọ̀n. Ẹ gbé bíi 4 g rẹ̀ sínú ófùùnù ní 250 °C fún wákàtí mẹ́rin. Tí iná bá lọ láàárín, ẹ tún wákàtí náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tí ófùùnù bá padà dé 250. Ìyẹ̀fun tó gbẹ dé ìdajì burú ju èyí tí a kò gbẹ lọ, torí ọkàn yín á ti balẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tutù nínú desiccator (àpótí tí a dé pa tí kì í jẹ́ kí ọ̀rinrin wọlé), kì í ṣe lórí tábìlì. Nígbà òjò ní Abuja, ìyẹ̀fun gbígbẹ máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́ nígbà tó ṣì wà lórí òṣùwọ̀n, ẹ ó rí i tí nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Nígbà ọyẹ́, òdìkejì ni wàhálà: abọ́ ìwọ̀n ike máa ń ní iná mànàmáná lára, ìyẹ̀fun á máa fò mọ́ ògiri rẹ̀, òṣùwọ̀n ò sì ní dúró síbì kan. Abọ́ gíláàsì dára jù lásìkò yẹn.

Ẹ wọn nǹkan bíi 2.5 g. Kò pọn dandan kó jẹ́ 2.5 gédé, àmọ́ ó pọn dandan kí ẹ kọ iye tó jẹ́ gan-an sílẹ̀. Ká ní 2.5132 g ni. Ẹ yọ́ ọ sínú omi distilled kó di lítà kan. Equivalent Na₂CO₃ jẹ́ 105.99 tí a pín sí méjì, ìyẹn 53.00. Nítorí náà 2.5132 tí a fi 53.00 pín jẹ́ 0.04742 N.

Ẹ fi pìpẹ́ẹ̀tì fa 40 mL rẹ̀ sínú fìláásìkì, ẹ fi bíi 60 mL omi kún un, ẹ kán bromocresol green, èròjà tó ń yí àwọ̀ padà nígbà tí iṣẹ́ bá parí, díẹ̀ sí i. Àwọ̀ rẹ̀ á dà bí aró. Ẹ wá ṣí búrẹ́ẹ̀tì tí ásíìdì yín wà nínú rẹ̀. Aró yẹn á dúró fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ewé. Ẹ dúró níbẹ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe, wọ́n á ní ó ti parí. Kò tíì parí: carbon dioxide tó jáde láti inú carbonate ṣì wà nínú omi náà, òun gan-an ń ṣe bí ásíìdì, òun ló ń yí àwọ̀ padà ṣáájú àsìkò. Ẹ gbé e kaná, kó hó jẹ́ẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹ ó rí i tí ewé yẹn á padà di aró níṣojú yín. Ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ máa kán an ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan títí tí ẹ̀kán kan ṣoṣo á fi sọ ọ́ di àwọ̀ ewé tó ń lọ sí ìyeyè, tí kò sì ní padà mọ́. Tí ẹ bá ní mítà pH, ìyẹn náà dára: ẹ ṣe é dé bíi pH 5, ẹ yọ mítà, ẹ sè é, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ tó parí rẹ̀.

Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Ká ní 18.60, 18.64 àti 18.62 mL ló jáde. Àárín wọn jẹ́ 18.62. Ibi tí equivalent ti dùn nìyí: agolo tó wà lọ́tùn-ún gbọ́dọ̀ bá agolo tó wà lósì dọ́gba, láì wo ìdọ́gba kẹ́míkà kankan. N₁ × V₁ = N₂ × V₂. 40 × 0.04742 = 1.8968; ẹ fi 18.62 pín in, ásíìdì yín jẹ́ 0.1019 N.

Àwọn kan á ní kí ẹ fi omi là á kó di 0.1000 gédé. Èmi ò rí ìdí rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún ọwọ́ bọ̀ ọ́ ni ẹ ó tún ní láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, ẹ kọ 0.1019 sí i lára. Ẹ fi pìpẹ́ẹ̀tì 50 mL fa ìgbà mẹ́rin, 200 mL, sínú fìláásìkì lítà kan, kí ẹ kún un dé ìlà: 0.0204 N. Nọ́ńbà yìí ni ẹ ó máa lò nínú ìṣirò, dípò 0.02 tó wà nínú ìwé.

Mo ní mà á padà sórí omi. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́gbọ̀n, tí omi distilled bá tán, ẹnì kan á ní kí ẹ fa píọ́ wọ́tà kan ya, omi mímọ́ náà kúkú ni. Ó mọ́ fún mímu. Ká ní alkalinity píọ́ wọ́tà yẹn jẹ́ 50 mg/L: ó túmọ̀ sí pé lítà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ní 0.001 equivalent bésì nínú. Tí ẹ bá fi po 0.02 N, 0.001 ti jẹ nínú ásíìdì kí ẹ tó gbé e dé ìdí búrẹ́ẹ̀tì, 0.019 ló kù. 5% ti lọ láì sí ẹni tó rí i. Omi bátìrì tí a ń tà lẹ́bàá títì náà, ẹ má gbára lé e láì yẹ̀ ẹ́ wò.

Ooru ńkọ́? A fi àmì sí ara fìláásìkì pé 20 °C ni a fi ṣe ìlà rẹ̀. Ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, tí AC ò ṣiṣẹ́, lábù lè gun 35 °C. Láàárín 20 sí 35, omi máa ń fẹ̀ ní bíi 0.4%. Lórí 12.1 mL, ẹ̀kán kan ni. Kò tó ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ pariwo nínú iṣẹ́ alkalinity, bí ẹ bá ti ń po ásíìdì, tí ẹ sì ń lò ó nínú yàrá kan náà. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ nínú ooru ni ọrùn ìgò. Omi máa ń gbẹ láti ojú ásíìdì lọ́sàn-án, á so bí ìrì sí ọrùn ìgò nínú lálẹ́. Ẹni tó bá ṣí i láàárọ̀, tó dà á láì gbọ̀n ọ́n, omi ìrì yẹn ló kọ́kọ́ ń dà. Ẹ gbọ̀n ọ́n kí ẹ tó ṣí i. Ásíìdì 0.1 N tó wà nínú gíláàsì tí a dé dáadáa kì í tètè yí padà. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù.

NaOH kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni kí ẹ máa yẹ ìyẹn wò, inú ike ni kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sí. Ó ń fa carbon dioxide láti inú afẹ́fẹ́, ó sì ń di carbonate. Ẹ wo ohun tó wá ṣẹlẹ̀: tí ẹ bá fi methyl orange (òun náà ń yí àwọ̀ padà bíi bromocresol green) parí titration rẹ̀, ìyẹn kíkán ásíìdì sí i títí àwọ̀ á fi yí, carbonate yẹn á ṣì san gbogbo gbèsè rẹ̀, N á dà bí ẹni pé kò yí padà. Tí ẹ bá fi phenolphthalein, irú èròjà bẹ́ẹ̀ mìíràn, parí rẹ̀, ìdajì péré ni carbonate náà máa san, N á dín. Ìgò kan, ọjọ́ kan, nọ́ńbà méjì.

Èyí ló gbé wa dé ìdí ọ̀rọ̀ normality. Mẹ́rúwà kan náà lè ru agolo méjì lónìí, kó ru ẹyọ kan lọ́la. Iṣẹ́ tí a pè é sí ló ń sọ ọ́. Phosphoric acid, H₃PO₄, ní hydrogen mẹ́ta, àmọ́ pẹ̀lú methyl orange ẹyọ kan ló ń kà, pẹ̀lú phenolphthalein méjì. Potassium permanganate, KMnO₄, le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mólì rẹ̀ kan jẹ́ 158.03 g. Nínú ásíìdì, ó ń gba electron márùn-ún, àwọ̀ rẹ̀ á sì parẹ́ pátápátá: equivalent rẹ̀ jẹ́ 31.61 g. Nínú omi tí kò ní ásíìdì, mẹ́ta péré ló ń gbà, yóò sì sọ ẹrẹ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ kalẹ̀: equivalent rẹ̀ di 52.68 g. Tí ẹ bá yọ́ 3.161 g sínú lítà kan, tí ẹ kọ «0.1 N» sí i, tí ẹlòmíràn sì gbé e lọ lò níbi tí kò sí ásíìdì, 0.06 N ló ń lò. Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú yín, èsì ti bàjẹ́ ná.

Ìdí nìyí tí IUPAC, àjọ àgbáyé fún ìmọ̀ kẹ́míkà, fi ń gba àwọn onímọ̀ kẹ́míkà nímọ̀ràn pé kí wọ́n lo mólì dípò normality. Ọ̀rọ̀ wọn tọ́. Síbẹ̀, ìwé ìlànà tó wà lórí tábìlì wa ṣì kún fún N, a ò sì lè sọ wọ́n nù. Ẹni tó bá ń ṣe àyẹ̀wò ilẹ̀ oko ní Samaru, Zaria, á bá ammonium acetate 1 N pàdé, á bá potassium dichromate 1 N pàdé nínú ìlànà Walkley-Black, tí a fi ń wọn carbon inú ilẹ̀. Ti àkọ́kọ́, n jẹ́ 1, 77.08 g nínú lítà kan. Ti ìkejì, n jẹ́ 6, 294.18 pín sí mẹ́fà, 49.03 g. Ẹni tó bá gbé 294 g lọ sórí òṣùwọ̀n torí pé ó rí «1» á ti fi owó ṣòfò, á sì fi májèlé ṣòfò pẹ̀lú.

EDTA tí ẹ fi ń wọn líle omi (hardness) ńkọ́? Ẹ máa fi M kọ ọ́, torí EDTA kan máa ń di irin kan ṣoṣo mú, ì báà jẹ́ calcium ì báà jẹ́ magnesium. 3.723 g rẹ̀, èyí tó jẹ́ disodium tó ní omi méjì, nínú lítà kan jẹ́ 0.01 M, 1 mL rẹ̀ sì bá 1 mg calcium carbonate dọ́gba. Tí ẹ bá rí ìgò àtijọ́ tí a kọ «0.02 N» sí, òun náà ni. Ẹ wá ṣàkíyèsí pé H₂SO₄ 0.02 N jẹ́ 0.01 M, gẹ́gẹ́ bíi ti EDTA. Ìgò méjèèjì tó wà lórí tábìlì yín, 0.01 M ni wọ́n, mL kan wọn sì jẹ́ mílígíráàmù kan. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, 0.02 M ò tún ní rí yín gbé ṣe mọ́.

Ohun kan wà tí equivalent lè ṣe fún yín tí ì bá ti tú àṣìṣe yìí fó kí lábù kejì tó fọwọ́ kàn án. Nínú omi èyíkéyìí, agolo tó ní àmì àfikún gbọ́dọ̀ bá agolo tó ní àmì àyọkúrò dọ́gba. Ẹ fi equivalent pín mg/L kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ro wọ́n pọ̀. Ká ní omi kan ní calcium 24.0 mg/L: pín in sí 20.04, ó jẹ́ 1.20 meq/L (ìdá ẹgbẹ̀rún equivalent nínú lítà kan). Magnesium 7.3, pín in sí 12.15, 0.60. Sodium 18.4, pín in sí 22.99, 0.80. Potassium 3.9, pín in sí 39.10, 0.10. Àpapọ̀ wọn 2.70. Lódìkejì, chloride 7.1 pín sí 35.45, 0.20; sulphate 4.8 pín sí 48.03, 0.10, alkalinity 121 pín sí 50.04, 2.42. Àpapọ̀ 2.72. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ẹ wá fi 62 rọ́pò 121: alkalinity di 1.24, àpapọ̀ rẹ̀ di 1.54, ó dojú kọ 2.70. Tí ẹ bá fi àpapọ̀ méjèèjì pín ìyàtọ̀ wọn, 27% ni, nígbà tí 5% ti tó láti mú kéèyàn tún iṣẹ́ ṣe. Omi fúnra rẹ̀ ń kígbe pé nǹkan kan ṣìnà. Ẹ máa ṣe ìṣirò yìí fún gbogbo omi tí ẹ bá wọn gbogbo nǹkan inú rẹ̀.

Ó ku àwọn èsì tí ẹ ti kọ sílẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì da ásíìdì àtijọ́ yẹn nù. Bí ó bá ku 100 mL, ó tó. Ẹ fa 20 mL nínú Na₂CO₃ 0.04742 N yẹn, ẹ fi ásíìdì àtijọ́ ṣe titration rẹ̀ bí mo ṣe ṣàlàyé, kí ẹ sì sè é. Tí ìfura wa bá tọ́, nǹkan bíi 24.3 mL ni yóò lọ, èyí tó fi í hàn ní 0.0390 N. Lẹ́yìn náà, gbogbo èsì tí ẹ fi ìgò yẹn ṣe, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ pẹ̀lú 0.0390 tí a fi 0.0200 pín, ìyẹn 1.95, dípò 2. 62 yín á di 121. Ẹ má ṣe pa nọ́ńbà àtijọ́ rẹ́ nínú ìwé. Ẹ fi ìlà kan là á kọjá, kí ó ṣì ṣeé kà, ẹ kọ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọjọ́ òní, àti ìdí. Sórí ìgò tuntun, ẹ kọ ọ́ báyìí: H₂SO₄, 0.0204 N, n = 2, 0.0102 M, Na₂CO₃ la fi yẹ̀ ẹ́ wò, ọjọ́ tí a ṣe é, àti orúkọ ẹni tó ṣe é.